Óòtì Bàbá Mi Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, èmi ni mo di ẹrù mi ní Ìbàdàn, tí mo padà sí Ìwó láti wá tọ́jú wọn. Ìyá wa ti ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé inú agboolé kan náà pẹ̀lú Bàbá, ṣùgbọ́n oko tó ń dá lọ́nà Kuta kì í jẹ́ kó jókòó sílé. Ní tèmi, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti dàgbà, iṣẹ́ aránṣọ tí mò ń ṣe kò sì so mí mọ́ ibì kan. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo wálé.

Àáfà ni bàbá mi. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní kéwú ládùúgbò wa kò lóǹkà, àwọn kan nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá ń ti odò bọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn Bàbá kí n tó rí ilé wa. Ìgbà tí mo padà dé yìí, ohùn náà ti lọ sílẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò sì lè gbé nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún yìí ló dùn wọ́n jù. Òun ni wọ́n fi ń kọ wàláà fáwọn ọmọ, òun ni wọ́n sì fi ń jẹun. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní fi ọwọ́ òsì jẹun láyé àwọn. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu nìyẹn.

Dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n jọ ń bá wọn jà. Ó ní oògùn àárọ̀ wọn ò gbọdọ̀ yẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ lò ó láìjẹun. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ti ń mu láàárọ̀ láti kékeré, tí wọ́n máa ń da ṣúgà sí títí ojú ẹ̀ á fi dán, ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ máa se óòtì fún wọn," ló wí fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sè é, mi ò mọ̀ ọ́n sè. Mo gbé omi kaná, nígbà tó hó, mo da óòtì sí i, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo ń rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Mo bù ú sínú àwo, mo gbé e wá síwájú wọn.

"Kí nìyí?" ni Bàbá bi mí.

"Óòtì ni, Bàbá."

Wọ́n gbójú sókè. "Ọtí kẹ̀?"

"Óòtì, Bàbá. Ọkà ilẹ̀ òyìnbó ni. Dókítà ló ní ká máa fún yín."

"Irú orúkọ wo lèyí tó wọ ilé Àáfà?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo bu díẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n fi ahọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n gbé e mì tìpátìpá. "Kò dùn, kò korò," ni wọ́n wí. "Ó kàn wà níbẹ̀ ni." Wọn ò jẹ tó ìdajì kí wọ́n tó yí ojú kúrò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè fi sí i. Mo kọ́kọ́ fi ata, àlùbọ́sà àti edé lílọ̀ sè é. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n ní àsáró tí kò rí iṣu ni. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹ̀pà wá láti oko, mo yan án, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo rò ó mọ́ óòtì náà. Òórùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́fun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n ń wúkọ́ ṣáá, ojú wọn pọ́n, omi ń bọ́ lójú wọn, mo sì ń gbá wọn lẹ́yìn, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó rọlẹ̀, a kàn ń wo ara wa ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé oúnjẹ tó fẹ́ gbé wọn ró yìí lè ṣekú pa wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ óòtì náà sómi láti ìrọ̀lẹ́ kó lè rọ̀, mo sì ń sè é kó ṣàn.

Lọ́jọ́ kan, mo ra kànáfùrù olóòórùn dídùn àti èso dàbínù lọ́jà lọ́wọ́ Gàmbàrí kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ju kànáfùrù bíi mélòó kan sínú omi, mo gún ata ilẹ̀ díẹ̀ sí i, mo dé ìkòkò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó ni mo gbọ́ ohùn Bàbá láti inú yàrá.

"Ta ló ń se kànáfùrù?"

Mo sáré wọlé. Wọ́n ti fi ìgbọ̀nwọ́ òsì gbé ara wọn sókè lórí ibùsùn.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìyá mi ló máa ń sè é," ni wọ́n wí. "Nígbà ọyẹ́. Wọ́n á sè é sínú omi tí wọ́n máa fi po ẹ̀kọ fún wa, a ó wá jókòó ti iná."

Mi ò mọ ìyá wọn. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá náà ti kú, Bàbá kì í sì í sọ̀rọ̀ wọn. Mo padà sídìí iná. Mo fi ṣíbí ṣa kànáfùrù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kó má lọ há wọn lọ́fun, mo da óòtì tó ti rọ̀ sínú omi náà, mo ń rò ó lórí iná tí kò le. Mo yọ kóró inú dàbínù, ìwọ̀nba díẹ̀ tí dókítà gbà wá láyè, mo rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí tó fi yọ́, mo pò ó mọ́ ọn. Wàrà sóyà ni mo fi kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán. Bí mo ṣe ń bù ú fún wọn ni wọ́n ń sọ ìtàn ìyá wọn fún mi, ọ̀rọ̀ kan, ṣíbí kan. Mo jókòó pẹ́ lẹ́yìn tí àwo ti gbẹ.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí oṣù ààwẹ̀ fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ máa se sààrì tèmi mọ́ tiyín," ni Bàbá wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn yín ńkọ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò pa ààwẹ̀ jẹ rí. Ṣé ìgbà tí mo ń lọ sílé ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

Kò sí bá ò ṣe bẹ̀ wọ́n tó, wọn ò gbà. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo wọlé bá wọn, òógùn ti bo ojú wọn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò sì dá mi mọ̀. Orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi ń pè mí. Mo po ṣúgà sómi, mo ń kán an sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, mo sì kígbe pe àwọn ará ilé. Kẹ̀kẹ́ la fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, orí wọn wà láyà mi. Nígbà tí wọ́n lajú padà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ti fún mi ní nǹkan jẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pa ojú wọn dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a gbé wọn wálé, mo se óòtì. Wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn. Kó o sì gbé àwo kúrò níwájú mi."

Mo bo àwo náà, mo gba ilé ọ̀rẹ́ wọn lọ. Àáfà bíi tiwọn ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní Ilé-Ogbó nígbà èwe wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́. Àáfà ọ̀rẹ́ Bàbá dìde. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Wọ́n jókòó sẹ́bàá ibùsùn. "Ta ló ń sọ fáwọn èèyàn lọ́dọọdún, níbi wáàsí tàfúsírì, pé Ọlọ́run gba aláìsàn láyè kó jẹun?" ni wọ́n bi Bàbá.

"Èmi ni."

"Ṣé irọ́ lò ń pa fún wọn ni?"

Bàbá rọra yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n ní, "Ojú ń tì mí."

"Lójú ta ni?"

"Àwọn tí mo kọ́. Wọ́n á máa gba ìta kọjá, wọ́n á máa gbóòórùn oúnjẹ láti ilé mi, lójúmọmọ oṣù ààwẹ̀."

Àáfà dìde, wọ́n lọ ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà. Wọ́n wá padà jókòó, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Gbé àwo náà wá, ọmọ mi."

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n bu óòtì náà, wọ́n gbé e sí Bàbá lẹ́nu. Bàbá kọ́kọ́ pa ẹnu dé. Ọwọ́ Àáfà dúró sójú kan náà, wọn ò sì gbé e kúrò. Níkẹyìn, Bàbá lanu. Omi ń dà lójú wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún bu òmíràn. Òùngbẹ ti gbẹ ètè Àáfà fúnra wọn, ó ti funfun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè lọ.

Nígbà tí àwo gbẹ, Bàbá ní, "Fìdíyà ńkọ́?"

"Bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó o ò gbààwẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí mo bá jẹ gan-an ni kí wọ́n fi bọ́ ọ," ni Bàbá wí. Wọ́n yíjú sí mi. "Má fi èyí tí kò dáa tó tèmi lọ o."

Ìyá arúgbó kan wà nínú agboolé tó tẹ̀ lé tiwa, ojú wọn ti fọ́, kò sí eyín lẹ́nu wọn, wọn ò sì ní ọmọ nítòsí. Lójoojúmọ́ ní àkókò ìṣínu, mo máa ń se óòtì lẹ́ẹ̀kejì, mo máa gbé e lọ fún wọn ní gbígbóná. Ìyá náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbá abọ́ náà mú, wọ́n á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì ṣàdúà gígùn fún ẹni tó rán mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí mo bá ti ń padà wọlé ni Bàbá á máa bi mí pé kí ni wọ́n wí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo àdúà náà láìfo ìkankan. Wọ́n á máa ṣe àmín, àmín, títí màá fi parí.

A ò ti fèrèsé náà mọ́ nínú oṣù náà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ti kéwú lọ́dọ̀ Bàbá fi wá kí wọn. Òun náà ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti ń fi ìnira gbààwẹ̀, kò jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ mọ bó ṣe rí lára òun. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Àáfà, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń jẹun." Bàbá ní, "Mò ń jẹun. Ìwọ náà lọ jẹun, kó o lo oògùn ẹ." Ọkùnrin náà tẹríba títí, ó ń sunkún láìpariwo. Nígbà tó lọ tán, Bàbá wo òkè àjà pẹ́, ojú wọn sì tù ju bí mo ṣe ń rí i láti ìgbà tí mo ti dé.

Wọ́n fojú rí ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọn ò dé ọdún iléyá. Òwúrọ̀ ni wọ́n kú, omi ṣì wà lórí iná. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n gbé àwọn jókòó, mo sì bọ́ sẹ́yìn wọn kí wọ́n lè fara tì mí. Wọ́n ń ka nǹkan lábẹ́ ètè, mo ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn díẹ̀ kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti pè é, àwọn ọkùnrin á gbà wọ́n lọ́wọ́ mi láti wẹ̀ wọ́n.

A sin Bàbá lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rẹ́ wọn ló yẹ kó ṣíwájú àdúà. Àáfà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi orúkọ Bàbá, wọn ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ wọn, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì bá wọn parí àdúà náà. Èmi dìde, mo lọ bu ìrẹsì fáwọn tó wá kí wa.