Igi Àbàtà Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Bomi Rin

Òórùn ewé igi náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú màmá tó ni ín.

Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Ọsirélíà ni màmá yìí ti wá, ọmọ àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré, kò sì fojú kan ìyá náà mọ́. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ló fi hóró igi náà ránṣẹ́, màmá sì gbìn ín sínú ìkòkò ní bákónì rẹ̀. Inú àbàtà ló ti ń hù nílé wọn. Èèpo rẹ̀ ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Òun ni wọ́n ń tẹ́ sínú ọpọ́n tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun sí. Wọ́n á rẹ òdòdó rẹ̀ sómi mu, torí ó dùn. Ẹni tí òtútù bá mú, wọ́n á rún ewé rẹ̀ fún un kó máa gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n gbé màmá lọ sọ́sibítù. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. “Má jẹ́ kí omi inú báàfù tó wà lábẹ́ ìkòkò igi mi gbẹ o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí.”

Ọmọ àgbẹ̀ yẹn gan-an ló kó bá wa. Bàbá mi máa ń sọ pé omi àpọ̀jù ní í mú gbòǹgbò jẹrà. Mo da omi báàfù nù, ife kan ni mo ń bù sí i láràárọ̀, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n ju onígi lọ. Ibi tí ilé ti ń jò, onílé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ewé ti gbẹ. Mo da omi padà, kò gbọ́. Mo gba omi àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo dà á sídìí rẹ̀, kò gbọ́.

Màmá pè mí lórí fóònù. “Igi mi ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa, Mummy.”

Ọjọ́ tó dé, èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ tó jókòó sí dé bákónì. Ó fọwọ́ kan ewé, ewé já bọ́ sí itan rẹ̀. Ó rún un, ó gbé e símú.

“Nígbà tí mo pè ọ́, ṣé ó ti kú?”

“Ó ti kú, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nípa ìyá mi náà nìyẹn, pé ó wà dáadáa.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ fi ẹlòmíì rọ́pò mi lọ́dọ̀ màmá. Mi ò béèrè ìdí.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Powis Street. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọmọ mi. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń tò pamọ́ sínú kò jáde, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ sì ti gbé e lọ.

Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí ni, àbí ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nígbà míì, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ pé ó ti gbàgbé. Ojú á sì tì mí pé ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn.