Ìpápánu Sarki Lẹ́yìn Ìsìnkú

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá Israel ni ajá ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Sarki lorúkọ ajá. Kò sẹ́ni tó fura. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n nílé wọn ní àdúgbò Lamingo, ta ni yóò máa wo ikùn ajá?

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wá kí Israel tàárọ̀ talẹ́. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun, wọ́n á ju egungun àti súyà aláta sí Sarki. Sarki ò kọ ọ̀kankan. Nígbà tí èrò fi máa tán, ajá ti rí bí àpò ìrẹsì, ó ń bì, ó ń mí hẹlẹ.

Israel, tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù lọ bá Dókítà Lydia, dókítà ẹran ní àdúgbò Terminus.

"Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù," ni dókítà wí. "Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀rá, iyọ̀ àti ata mọ́. Tó o bá fẹ́ kẹ́ ẹ, fún un ní kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ síse, ẹyin síse díẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá tún òkú sin."

"Òun ló kù fún mi nínú gbogbo ohun tí màmá mi fẹ́ràn."

"Ra kárọ́ọ̀tì nígbà náà."

Israel rà á, ó fọ̀ ọ́, ó gé e wẹ́wẹ́. Sarki wo kárọ́ọ̀tì, ó wo Israel, ó gbé orí lélẹ̀. Israel se ànàmọ́. Kò jẹ. Ó se ẹyin. Kò jẹ. Nígbà tó yá, bí ajá bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Tẹjú wọlé láti ilé òdìkejì. Òun àti olóògbé ni wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Haba, Israel. O fẹ́ febi pa ajá ìyá rẹ?"

"Ẹ káalẹ́, mà. Ohun tí dókítà ní kó máa jẹ nìyí. Kò fẹ́ràn ẹ̀."

"O ti gbàdúrà sí i?"

"Sí kárọ́ọ̀tì?"

"Kí ìwọ tó dé látìdí táyà nìyá rẹ máa ń bọ́ ọ. Àti kékeré ló ti kọ́ ọ: tí wọn ò bá ṣe àmín, kì í jẹun."

Israel rò ó. Gbogbo àwọn tó wá kí i ló gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà nílé náà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò ní ohun tó fẹ́ bá Ọlọ́run sọ.

"Ẹ bá mi gbà á, mà."

"Ṣé èmi ni n ó máa sọdá wá nígbàkigbà tí ajá bá fẹ́ jẹ kárọ́ọ̀tì? Mo lọ́kọ nílé." Ó fa àpótí, ó jókòó.

"Àmín," ni Israel wí.

Sarki ò mira.

"Kò gọ̀," ni Ìyá Tẹjú wí.

Israel dijú. "Olúwa," ó wí. "O mú màmá mi lọ. Inú mi ò dùn sí i. Kárọ́ọ̀tì rèé, àti ànàmọ́, àti ẹyin. Jọ̀ọ́, bù kún un fún ajá. Lórúkọ Jésù."

"Àmín," ni Ìyá Tẹjú wí.

Sarki dìde, ó ń run kárọ́ọ̀tì wómúwómú. Ó jẹ ànàmọ́. Ó fẹyin sílẹ̀.

Israel mú ẹyin náà.

"Kò níyọ̀ o," ni Ìyá Tẹjú wí.

"Mo mọ̀, mà." Ó jẹ ẹ́.