Ojú Mbeneka Lára Pátákó

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2021, títì ọlọ́dà tó wà ní Ìlú Tuntun gùn tó ogójì kìlómítà. Ilé tí èèyàn ń gbé níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

Mbeneka ti ń se muthokoi, àgbàdo gígún pẹ̀lú ẹ̀wà, fún àwọn kọ́lékọ́lé láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ pápá màlúù àwọn Kamba, ẹ̀yà rẹ̀. Wọ́n ti lé e kúrò lójú ọ̀nà omi, wọ́n ti lé e kúrò lójú ọ̀nà iná, wọ́n tún lé e kúrò níbi tí àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú ní kí òdòdó wà. Láàárọ̀, kó tó dáná, á kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá katakata ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí àpótí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: àyè tí ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò.

Lọ́jọ́ yẹn ni Kiilu wá bá a. Òun ló ń bá ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ìlú náà ta ilẹ̀. Ọmọ abúlé wọn ni. Ìwé tó kà ló jẹ́ kó máa wọ kóòtù àti táì.

"Ìyá Nzioka, ẹ kú iná."

"O tún wá lé mi ni?"

"Rárá o. Àwọn olówó ń bọ̀ lọ́túnla, wọ́n fẹ́ wo ibi tí wọ́n máa dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá títì lófìfo. Ẹ pe àwọn èèyàn yín, kí wọ́n bá yín kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré síwájú gbọ̀ngàn tí a ti máa gbà wọ́n lálejò. Tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, àyè yín nìyẹn."

"Àyè mi? Wọn ò ní lé mi mọ́?"

"Àyè yín, mo ní."

Igi mẹ́rin àti aṣọ àtíbàbà ló wà lọ́kàn Kiilu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí obìnrin Kamba pe àwọn èèyàn rẹ̀, mwethya ló ń pè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láti oko dé oko. Mwethya kì í kọ́ nǹkan ọjọ́ kan. Ó yẹ kí Kiilu mọ̀. Ìyá tó bí i wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Màmá Katunge, olórí wọn, wo igi tí Kiilu fi ránṣẹ́.

"Kí lèyí? Ilé adìyẹ? Àwa tá a fi òkúta dí odò?"

Wọ́n rọ́ lọ sódò, wọ́n ń ru òkúta bọ̀ torintorin. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi ṣú, ògiri ti dé èjìká.

Kiilu dé láàárọ̀, ó figbe ta.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi òkúta kọ́ ọ? Nítorí ọjọ́ kan!"

Mbeneka yọ ṣíbí igi kúrò nínú ìkòkò. "Ọjọ́ kan? Ṣebí o ní àyè mi ni."

Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti wọ géètì. Kiilu tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Wọ́n jẹun, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n ya Mbeneka ní fọ́tò. Àlejò kan ní kí Kiilu bá òun bi í bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀ níbí.

"Sọ fún un pé mi ò tíì jókòó rí."

Kiilu yíjú sí àlejò. "Ó ní inú òun dùn gan-an ni."

Àwọn àlejò buwọ́ lùwé ilẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, katakata dé.

"Igi ló wà níbí nínú àwòrán ìlú," ni Kiilu wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Katunge na ọwọ́. "Ṣó o rí igun ọ̀tún yẹn? Ìyá rẹ ló mọ ọ́n. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Kiilu juwọ́ sí awakọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀ báyìí. Ní oríta àbáwọlé, pátákó ńlá kan gbé ojú Mbeneka dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ìlú náà ní àyè fún gbogbo èèyàn. Mbeneka fúnra rẹ̀ ń ta muthokoi lábẹ́ pátákó ọ̀hún, nínú bárò, nítorí bárò rọrùn láti tì sá lọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá yọ.

Ìwọ tó fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, má tíì buwọ́ lùwé. Lọ dúró lábẹ́ pátákó yẹn láàárọ̀ kùtù, kó o wo obìnrin tó ń sá. Lẹ́yìn náà, wọ ọ́fíìsì wọn, kó o bi wọ́n pé àyè tirẹ̀ dà. Má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi fìka tọ́ka sí i.