Bí Kinue Ṣe Ń Dá Òkú Padà Sílé

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Kinue ti ń dáná ní tẹ́ḿpìlì Suigetsu lórí òkè Koya, kò sì tíì sí àlejò tó sùn níbẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà kọjá ibi tó yẹ kí bàtà dé, á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹni tó bá da tíì sórí ẹní, Kinue ti mọ̀ kónítọ̀hún tó wá àkísà. Àwọn ará ìlú ńlá tó ń wá sùn sí tẹ́ḿpìlì kí ọkàn wọn lè balẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dà á rú fún wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, kó kọ́kọ́ to bàtà rẹ̀ dáadáa ná.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, opó ni, kò bímọ. Apá ọ̀tún rẹ̀ ki ju ti òsì lọ, yànmọ̀tí ló sì fà á. Ẹran ò wọ tẹ́ḿpìlì lórí òkè yẹn, ẹja ò wọ̀ ọ́, àlùbọ́sà pàápàá ò gbọdọ̀ kan ìkòkò, nítorí náà yànmọ̀tí tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n ro lórí iná títí tó fi dì bí ẹ̀kọ, ni ọba oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá ń ro ó kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, bí fóònù bá ń dún, kó máa dún. Kinue kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan omorógùn náà. Àlùfáà tó ni tẹ́ḿpìlì, Oshō Ryōken, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Kinue dé, Kinue ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Ní báyìí orí rẹ̀ ti ń dán, àgbààgbà ń tẹrí ba fún un, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ṣí ìkòkò wò nílé ìdáná, ó ṣì máa ń wẹ̀yìn kó tó ṣí i.

Ọkùnrin tó kó bá a ni Ukai Teruhiko, ará Sakai, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ. Ìyàwó rẹ̀, Sumie, kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn ará ìhà ọ̀hún, tí wọ́n bá sun òkú tán, wọ́n máa ń ṣa egungun ọrùn kékeré kan sọ́tọ̀, èyí tó jọ Búdà tó jókòó, wọn á sì gbé e gun òkè Koya kí ẹni náà lè sinmi nítòsí Odaishi-sama. Odaishi-sama ni ẹni mímọ́ tó wọ inú ihò lọ ṣàṣàrò ní ohun tó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ lọ fún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kinue ní nínú gbogbo ẹni tó ń jẹun lórí òkè yìí, ẹni mímọ́ yẹn nìkan ni kì í béèrè iyọ̀.

Lọ́dún tí Ukai kọ́kọ́ wá, ó gbá ìkòkò kékeré tí egungun Sumie wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ. Nígbà tí Kinue gbé oúnjẹ wọlé, ó rí i pé ó ti gbé ìkòkò náà kojú sí àwo ọbẹ̀, òun alára ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Lọ́la ni mo máa fi wọ́n sílẹ̀," Ukai sọ. "Ṣé wọ́n máa ń dá wà níbẹ̀?"

Kinue tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, wá a tì. Ojú ọkùnrin yìí dà bí ojú ẹni tí wọ́n ní kó lọ sin ara rẹ̀. Kinue bá yíjú sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, bóyá á rí ohun tó máa sọ níbẹ̀, Olúwa sì ṣe é, ó rí i. Orúkọ ọjọ́ mẹ́fà ló máa ń yípo lórí kàlẹ́ńdà wọn. Taian ló dára jù, kò sí ohun téèyàn dáwọ́ lé lọ́jọ́ náà tí kì í yọrí. Tomobiki ńkọ́? Ẹ ṣègbéyàwó ní Tomobiki, kò burú, àmọ́ ẹ má sìnkú, nítorí òkú á fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ọ̀la jẹ́ Tomobiki.

"Ọ̀la ò dáa," Kinue wí. "Tomobiki ni. Ẹ gbé wọn padà sílé, kẹ́ ẹ tún wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ukai mí kanlẹ̀. Ó fa oúnjẹ mọ́ra, ó jẹ yànmọ̀tí, ó jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó sì béèrè ìkẹta. Kinue mọ̀ dáadáa pé ìsìnkú ni Tomobiki kàn, kò kan ẹni tó ń fi egungun sílẹ̀. Ó gbà pé àánú lòun ṣe, ó lọ sùn.

"Kinue-san, kò sí Tomobiki nínú ẹ̀kọ́ Búdà," Oshō sọ fún un nígbà tó gbọ́.

"Búdà ò ní kàlẹ́ńdà, Oshō-san. Àwa la ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ukai yà sílé ìdáná láti dúpẹ́, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọ̀bẹ Kinue, ọpẹ́ sì di ìjà. Ó béèrè bóyá eyín ni wọ́n fi ń gé ewébẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì yìí. Kinue ní kó gbé ẹnu rẹ̀ lọ sí Sakai. Ọkùnrin náà yọ òkúta ìpọ́nbẹ nínú báàgì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde títí ọ̀bẹ mọ́kànlá fi mú tán.

Lọ́dún kejì ó tún wá, òun àti ìkòkò rẹ̀. Kinue wo kàlẹ́ńdà, Tomobiki. Lọ́dún kẹta, Tomobiki. Kinue á fa ojú ro bí ẹni tó ń túfọ̀, á ní, "Ó mà ṣe o, Ukai-san, ọjọ́ ọ̀hún náà ló tún ṣẹ̀ bọ́ sí," inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn. Ó dá a lójú pé Odaishi-sama fúnra rẹ̀ ló ń ti ọjọ́ náà síwájú. Sumie gun òkè Koya lẹ́yìn ikú ju bó ṣe gùn ún nígbà tó wà láyé lọ.

Ohun tí Kinue ń retí lọ́dọọdún ò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ: òun nídìí iná, ó ń ro yànmọ̀tí, Ukai lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ẹ rọra, Ukai-san. Mo ní kẹ́ ẹ pọ́n ọn ni, mi ò ní kẹ́ ẹ pọ́n ọn tán."

"Èyí ti kú. Mò ń jí i dìde ni. Kí lẹ ń fi í gé, òkúta?"

"Iṣu ni. Iṣu orí òkè yìí le bí orí àwọn kan."

"Sumie náà máa ń bá mi jà báyìí nídìí ọ̀bẹ."

"Ẹ ò rí i pé obìnrin tó ní làákàyè ni."

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á tún padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní sí ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ Kinue ti kú, kò tíì sí ẹni tó bá a jà tó sì tún jókòó.

Lọ́dún kẹrin, Tomobiki tún ni, ọkàn Kinue sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi. Àánú ti kúrò níbẹ̀ o. Olóògbé kan ń wá ibi ìsinmi, òun ń dá a padà sínú ọkọ̀ ojú irin nítorí kí ọkùnrin kan lè tún wá pọ́n ọ̀bẹ. Ó búra pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìbúra náà ló dá Sumie padà lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yìí, Ukai fóònù. Ó ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá lòun á dé, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lòun á fi egungun sílẹ̀. Kinue gbé fóònù sílẹ̀, ó sáré wo kàlẹ́ńdà. Taian ni. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wò. Taian náà ni. Tí egungun yẹn bá wọlé, kò sí ohun tó tún máa gbé Ukai gun òkè Koya mọ́. Kinue jókòó sórí àpò ìrẹsì, yànmọ̀tí ọjọ́ náà sì jóná, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ukai dé pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó ti gẹrun. Kinue rí kóòtù náà, kò fẹ́ràn rẹ̀. Kóòtù ẹni tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ni.

"Béárì wà nínú igbó o," ó sọ bó ṣe ń gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. "Ọ̀nà ibojì gan-an ni wọ́n ti rí i. Kì í ṣe ibi téèyàn ń lọ báyìí."

"Ó tóbi?"

"Ó ga tó ilẹ̀kùn yìí."

Oshō Ryōken ló ń kọjá lọ, ó bẹjú wọlé. "Kinue-san, béárì wo? Ti oṣù kẹfà yẹn? Wọ́n ti mú un lọ. Kò tó ajá."

"Ó ní ìyá," Kinue dá a lóhùn, ó sì wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Oshō rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíì.

Ukai ti dorí kodò sínú àwo ọbẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Bí ìyá rẹ̀ bá dé, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ̀rọ̀," ó sọ. "Ọ̀la Taian ni, Kinue-san. Mo ti wò ó."

Kinue ò rí oorun sùn dáadáa. Kó tó di pé wọ́n lu aago àdúrà òwúrọ̀, ó ti wọ gbọ̀ngàn àdúrà lọ, níbi tí wọ́n gbé ìkòkò náà sí. Ó gbé àwo yànmọ̀tí kékeré kan síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Sumie-san, ẹ má bínú," ó sọ. "Èmi ni mò ń dá yín padà. Ọjọ́ ò burú, mo kàn fi ọjọ́ bojú ni. Mo fẹ́ kó tún máa wá ni. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ẹ lọ sinmi, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Kò sì sọ̀rọ̀. Oshō ka àdúrà rẹ̀, ó gùn bó ṣe máa ń gùn. Wọ́n pe Ukai pé kó wá bu tùràrí sínú iná. Ó ti kúnlẹ̀ pẹ́ jù, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú tipiri, ló bá dìde, ó sì ṣubú mọ́ Oshō lọ́rùn. Àwọn àlejò tó kù ń wo ilẹ̀, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín Kinue ni ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n gbé Sumie wọ ibi tí wọ́n ń kó egungun sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn kékeré rẹ̀, ó parí. Ukai dúró níbẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kákò bíi pé ó ń gbé nǹkan.

Kinue kì í sin àlejò lọ síbùdókọ̀, ó ní wọ́n ní ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yìí ó gbé báàgì Ukai, ó sì ń lọ níwájú. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè ò tíì dé. Wọ́n dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ti Kinue ò sì tíì pé ọdún márùn-ún tí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

"Ukai-san, mo purọ́ fún yín," ó wí. "Tomobiki ò kan egungun. Ẹ bá ti fi wọ́n sílẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kí ni?"

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mo sin bàbá, mo sin ìyá, mo sin ẹ̀gbọ́n méjì. Ta ni ò mọ̀ pé Tomobiki ò kan egungun?" Ukai ń wo ọ̀nà, kò wo Kinue. "Lọ́dún àkọ́kọ́, ọjọ́ náà ṣèèṣì bọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àbí ẹ rò pé ọjọ́ kan náà lè ṣèèṣì bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin? Mo ní kàlẹ́ńdà nílé. Mo máa ń wá Tomobiki kí n tó fóònù."

Kinue yíjú sí i. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe. "Ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń fa ojú ro lọ́dọọdún."

"Ẹ mọ̀ ọ́n fà."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ Taian lẹ mú lọ́dún yìí?"

"Sumie ti rìn tó," Ukai sọ. "Kì í fẹ́ràn ọkọ̀, inú rẹ̀ máa ń rú. Ojú sì ń tì mí. Mò ń gbé ìyàwó mi gun òkè nítorí kí n lè jókòó sílé ìdáná ẹlòmíì. Mo ní bí mo bá tún máa wá, kí n wá lórúkọ ara mi." Bọ́ọ̀sì yọ lókèèrè. "Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa gbà mí, báyìí tí mi ò gbé nǹkan kan dání mọ́."

"Tẹ́ḿpìlì kì í lé èèyàn."

"Mi ò bi tẹ́ḿpìlì."

Bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn ṣí. Awakọ̀ béèrè bóyá bàbá ń wọlé. Ukai ò mira, ó ń wo Kinue.

"Wọ́n ń wọlé," Kinue dáhùn fún un. Ó ti báàgì sí i lọ́wọ́, ó sì bá a tún ọrùn kóòtù náà ṣe. "Kóòtù yìí fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wá èyí tó nípọn. Òtútù oṣù kejìlá níbí kì í ṣeré, mi ò sì fẹ́ kí àìsàn mú yín nígbà tẹ́ ẹ bá dé."