Irin tí Tájù Fi Kún Un

Tájù ajórin kò fẹ́ràn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ rárá. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń jó ìdí tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ólódì-Àpápá, kò sì sí ibi tó jó tó tún já. Ibi tí dírẹ́bà bá ní kó fi irin kan sí, méjì ló máa fi sí. Ìkejì, ọ̀fẹ́ ni.

Kaothar ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ló gbé mọ́tò ìdíje ilé-ìwé wọn wá fún un láti jó. Lítà epo kan péré ni wọ́n máa bù fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, mọ́tò tó bá fi rìn jìnnà jù ló borí. Kaothar ló máa wà á.

Tájù wo àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe egungun mọ́tò náà, ó pòṣé.

"Mọ́tò lẹ pe eléyìí? Àbí pósí lẹ kàn?"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wà nínú ìwé yìí gan-an ni kẹ́ ẹ jó o. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Ìwé ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́!"

Ẹ wo ọmọ náà gan-an, ó ti rù hangogo! Ó ní òun ò jẹ alẹ́ mọ́. Fáàrí yunifásítì, Tájù ò sì ní sùúrù fún fáàrí. Kí páìpù yẹn wá já lábẹ́ ọmọ rẹ̀? Wàláì, kò lè ṣẹlẹ̀. Bí Kaothar ṣe yísẹ̀ padà, ó kó àjókù irin tírélà, ó jó o mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó kùn ún ní ọ̀dà. Ojú ò lè rí i.

Lọ́jọ́ ìdíje, mọ́tò àwọn yòókù ṣì ń yí pápá po nígbà tí epo tán nínú ti Kaothar. Àwọn ló gbẹ̀yìn pátápátá.

"Ṣé mo sọ fún wọn!" ni Tájù ń wí. "Páìpù lásánlàsàn!"

Fidelis, akẹ́kọ̀ọ́ tí òun àti Kaothar jọ kan mọ́tò náà, gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó figbe ta: ó ti fi kílò mẹ́sàn-án lé sí iye tó wà nínú ìwé! Kaothar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kan abẹ́ ìjókòó gbọ́ngbọ́n, ó wá gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, oṣù méjì ni mo fi ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ torí kí mọ́tò yìí lè fúyẹ́. Kílò mẹ́ta péré ni mo rí yọ lára mi."

Tájù rọra sún kúlà ìrẹsì tó gbé wá fún un sẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ náà má baà rí i.