Ọmọ Dúró-ńbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Dámilárá Oyèkànmí nígbà tó wà lọ́mọdé, kó ṣáà pè é ní Ọmọ Dúró-ńbẹ̀. Inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni orúkọ yẹn ti wá. Bàbá rẹ̀, Sájẹ́ńtì Ìsmáílà Oyèkànmí, ló ni ín. Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń fi ọkùnrin náà sí, "Dúró ńbẹ̀" sì ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ẹlẹ́kọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbò ló jẹ́ kí orúkọ náà kárí bárékè. Iléyá ku ọ̀la, Ràṣídátù ìyàwó rẹ̀ lọ ra àgbò ní Alaba Rago. Ó pọn Dámilárá, ó ń fa àgbò tí kò fẹ́ rìn, òógùn bò ó. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ta ló bá níbẹ̀ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀. Ràṣídátù rẹ́rìn-ín sí i, Sájẹ́ńtì ò rẹ́rìn-ín padà. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tí kò bá mú káàdì bárékè lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọlé, káàdì Ràṣídátù sì wà lórí tábìlì nílé. "Dúró ńbẹ̀," ni ọkọ wí. Ni ìyàwó bá dúró, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, àgbò náà dúró, títí aládùúgbò wọn, Ìyá Lará, fi lọ mú káàdì wá. Bí Sájẹ́ńtì ti yẹ káàdì wò tán, ó kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe sàlúù fún ìyàwó rẹ̀, ó gba okùn àgbò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Dámilárá, kú àbọ̀, kú ìnáwó."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Dámilárá sì dàgbà bá yẹ̀yẹ́ náà. Nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ọmọ Dúró-ńbẹ̀, ṣé àgbò yín ti wọlé?" Ó sunkún lọ bá bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá ní, "Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kó kọ́kọ́ dá èèyàn dúró ná. Ọ̀wọ̀ ò ní sá lọ. Tí ọ̀nà bá ti mọ́, kó wá kí i dáadáa." Ọ̀rọ̀ náà ò wọ ọmọ náà létí. Ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ ló dì mú, pé ọmọ tó bá gbọ́n kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà.

Ọlọ́run ò fi ọmọ bárékè sílẹ̀. Dámilárá gba sọ́láṣíìpù, ó kọ́ṣẹ́, ó sì di ẹni tó ń wa bàálù. Sájẹ́ńtì ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti kọ́lé sí Okokomaiko. Bàálù kan ò lè kọjá lókè ilé yẹn kí Ràṣídátù má na ọwọ́ sí i pé, "Ọmọ mi nìyẹn," kódà kó jẹ́ bàálù tó ń lọ Íjíbítì.

Àmọ́ iṣẹ́ ò tíì dúró. Abẹ́ ìdánwò ni Dámilárá ṣì wà gẹ́gẹ́ bí igbákejì awakọ̀. Kápítéènì Bánkọ́lé, àgbà awakọ̀ tó ti ń fò kí wọ́n tó bí i, ni yóò sọ fún iléeṣẹ́ bóyá kí wọ́n gbà á pátápátá tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Wọ́n kó èrò ní ìlú kan lókè Ọya, wọ́n ń padà bọ̀ l'Ékòó. Kí bàálù tó gbéra, ó ní láti rìn nílẹ̀ bíi mọ́tò títí yóò fi dé ojú ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní rọ́ńwéè, àwọn tó wà nílé ìṣọ́ ló sì máa ń sọ ibi tí yóò gbà. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n kọjá ìyànà àkọ́kọ́, kí wọ́n yà ní ìkejì, torí bàálù mìíràn ń bọ̀ wá balẹ̀. Kápítéènì gbọ́ ọ, ó mi orí. Ṣùgbọ́n ìyànà àkọ́kọ́ ló ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti mọ́ ọn lára. Nínú ọyẹ́ funfun yẹn, ibi tó mọ̀ náà ló yà sí.

Dámilárá rí bọ́ọ̀dù ìyànà náà, ti àkọ́kọ́ ni.

"Sà," ó rọra wí, "ṣé ibi tí wọ́n ní ká yà nìyí?"

"Mo ti ń gba ibí kó o tó mọ ABD," ni Kápítéènì dáhùn, ó sì ń wa bàálù lọ.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé ní kó dákẹ́. Ó mọ̀ pé tí òun bá dójú ti àgbà yìí, iṣẹ́ lè bọ́. Ó sì mọ̀ pé èrò kún ẹ̀yìn wọn, wọ́n ti de bẹ́líìtì, wọ́n fọkàn tán àwọn méjì tó wà níwájú. Kò sì sí ìyànà kankan mọ́ níwájú, rọ́ńwéè ló kù.

"Ẹ dúró ńbẹ̀."

Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn ẹnu géètì Ọ̀jọ́ ni. Bó ti ń sọ ọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ bíréèkì tó wà lápá tirẹ̀. Bàálù fì síwájú, ó dúró. Kápítéènì yíjú sí i tìbínú-tìbínú, ó la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, iná yọ nínú ọyẹ́ lápá òsì, bàálù ńlá kan balẹ̀, ó sì sáré kọjá níwájú wọn.

Kápítéènì pa ẹnu dé. Nígbà tó tún là á, rédíò ló fi bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ló ṣìnà. Dámilárá dúró kó sọ ọ́ tán, ó wá tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà." Títí wọ́n fi dé Èkó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni Kápítéènì ń bá a sọ, Dámilárá sì ti ń ronú bí yóò ṣe sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má nàka sí bàálù mọ́.

Ìgbà tí èrò bọ́ sílẹ̀ tán ni Kápítéènì tó ṣí fìlà. "Ta ló kọ́ ẹ ní irú dúró-ńbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá mi ni, sà. Sójà ni wọ́n, ẹnu géètì ni wọ́n máa ń wà, l'Ọ̀jọ́."

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé Bánkọ́lé dúró." Ó dìde. "Ọ́fíìsì ni mò ń lọ yìí. N óò sọ àṣìṣe mi fún wọn, n óò sì sọ pé ìwọ ni mo fẹ́ kó máa jókòó tì mí."

Nígbà tí Dámilárá dé Okokomaiko lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilé. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ Kápítéènì.

"Lẹ́yìn tí wọ́n dúró," ni bàbá bi í, "ṣé o kí wọn?"

"Mo kí wọn, sà."

Sájẹ́ńtì fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò nà tán mọ́, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣe sàlúù fún ọmọ rẹ̀, bó ṣe ṣe é fún ìyá rẹ̀ níjọ́ àgbò. Ràṣídátù ń fi etí ìró nu ojú lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Lará, tí òun náà ti kó wá sí àdúgbò wọn, ló ń kọjá lọ. Àgbà ti dé sí i, ṣùgbọ́n kò gbàgbé yẹ̀yẹ́. "Ọmọ Dúró-ńbẹ̀," ó ké láti òdìkejì títì, "ìwọ lo dé yẹn?"

Dámilárá kúnlẹ̀ kí i. "Èmi ni, mà," ó ní. "Ọmọ Dúró-ńbẹ̀ ni."