Máṣíìnì Tó Ń Kú ní Òkè Mápó

Bàbá mi fi ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: orí pípá, ahọ́n tí kì í sinmi, àti máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tó dàgbà ju ìyàwó mi lọ. Méjì àkọ́kọ́ kò gba àyè. Ẹ̀kẹta ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹyẹrunkà, tó kọ̀ tí kò dáhùn, tí ìyá mi sì ń fi orúnkún kọlù ú nígbàkúùgbà tó bá ń lọ ṣe àlùwàlá.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni oníírin àlòkù ń gba ibí kọjá," ni ìyá mi wí láàárọ̀ Sátidé kan. "Tí nǹkan yìí kò bá lè gbé mi gba Mápó dé Ọjà'ba kó tó dìgbà náà, yóò bá ọmọlanke lọ."

"Ìyá, máṣíìnì Bàbá lẹ fẹ́ fún oníírin?"

"Bàbá rẹ alára ti lọ. Irin rẹ̀ ló kù tó ń bá orúnkún mi jà."

Obìnrin tó bá ta epo pupa ní Ọjà'ba fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó bá ti dá iye, ó ti dá a náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, orí táǹkì máṣíìnì yẹn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sílé-ìwé, tí mò ń sunkún, tí bàbá mi ń tẹ họ́ọ̀nù kí gbogbo Bẹẹrẹ lè jáde wá wo akọ̀wé. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n lọ fi ṣe ìkòkò.

Mo tì í lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Bẹẹrẹ, àgbàlagbà tó mọ èmi àti máṣíìnì náà láti ìgbà tí àwa méjèèjì ṣì ń dán. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Tíṣà, kabúrétọ̀ ni. Ìdọ̀tí ti dí i."

"Ẹ kọ́ mi, sà. Èmi ni màá tú u."

Ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ológbò fẹ́ lọ wẹ̀ lódò. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi. Ó ní inú kabúrétọ̀ ni epo àti atẹ́gùn ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. Pé ìṣó idẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ jẹ́ẹ̀tì, tí ihò inú rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Má fi abẹ́rẹ́ gún un o! Fọ́nrán wáyà bíréèkì kan ṣoṣo ni kí o tì bọ̀ ọ́, kí o sì fi ẹnu fọn ọ́n."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ bíi dókítà. Mo fi bẹntiróò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo rẹ̀. Mo fọn jẹ́ẹ̀tì títí ètè mi fi ń ta mí. Mo gé páálí ẹ̀yìn ìwé kan, mo fi dí ẹnu ibi tó ti ń jò, mo tò ó padà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn! Èéfín kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ń húkọ́, ó ń ké pe Ọlọ́run.

"Òórùn bẹntiróò yìí ni yóò máa bá mi sùn?"

Ìyẹn kò le. Ọmọ elépo ni mí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo rìnrìn àjò, ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ sí i lẹ́nu kó tó dé e pa. Mo mú ọ̀rá kan, mo ṣẹ́ ẹ po, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdérí táǹkì, mo dé e gbagba. Òórùn dópin. Mo yin ara mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gùn ún lọ sí Mápó. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó kú, bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sílé. Mo tì í padà.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ̀ ń gùn ún ni àbí òun ló ń gùn yín?" ni obìnrin kan bi mí látẹ̀gbẹ́ títì.

Mo tú kabúrétọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ibẹ̀ náà ló kú sí. Mo tún tú u. Ọ̀gá ní jẹ́ẹ̀tì kò tíì mọ́ ni. Nígbà tó fi di Tọ́sìdeè, jẹ́ẹ̀tì mi ti mọ́ débi pé ìyàwó lè fi ṣe yẹtí. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mò ń bu bẹntiróò kún un, bó ti wọ́n tó yìí, mo sì ń fi ìka méjì dá ọ̀rá mi padà sáyè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Jímọ̀ pé. Ìyá mi ti ìrun dé, oníírin ti gbé ọmọlanke sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá náà wá. Ó ní òun wá kí òkú. Mo tẹ máṣíìnì, ó dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ó ṣe pò, pò, pò, ó dákẹ́. Oníírin bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Dúró ná," ni ìyá mi wí. "Epo wà nínú rẹ̀?"

"Ó kún, Ìyá."

"Ó kún, kò sì sọ̀kalẹ̀." Ó yí máṣíìnì po lẹ́ẹ̀kan. "Garawa tí epo inú rẹ̀ kò bá sọ̀kalẹ̀, ìṣó la fi ń lu ihò kejì sí i lókè, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí epo lè jáde. Ihò eléyìí dà?"

Ọ̀gá na ìka sí orí táǹkì. "Ìdérí rẹ̀ ló ní ihò, Àlájà."

Ìyá mi ṣí ìdérí. Táǹkì mí fììì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi. Ó fi ìka méjì fa ọ̀rá jáde, ó gbé e sókè kí àdúgbò lè rí i.

"Tíṣà," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "ta ló fi ọ̀rá síbẹ̀?"

Mo ń wo ojú ọ̀run lórí Mápó bí ẹni pé mo ní kíláàsì níbẹ̀.

"Àwọn tó kọ́ ọ níwèé kò jẹ̀bi," ni ìyá mi wí. "Èmi tí mo kọ́ ọ ní ọ̀rá ni. Mo gbàgbé láti kọ́ ọ ní ihò."

Ó ká ọ̀rá náà, ó fi há etí ìró rẹ̀, torí ọ̀rá tó dára ni. Ó gun máṣíìnì lẹ́yìn mi, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gun òkè Mápó, a kọjá ibi tó máa ń kú sí, a sọ̀kalẹ̀ dé Ọjà'ba. Oníírin ti lọ kí a tó padà délé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ni máṣíìnì ń sùn, ó ń rùn, ìyá mi sì ṣì ń fi orúnkún kọlù ú. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, tó bá ti kọlù ú, yóò fi ọwọ́ pa á lórí, yóò ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Tíṣà ló fẹ́ pa ọ́."